Àdá Tó Ń Lọ Láti Oko dé Oko

Mo ti lo oṣù mẹ́ta ní Àjàṣẹ́ ti àwọn tó ń sọ Faransé kí n tó sọ ọ̀rọ̀ tó ju ìkíni lọ níta ilé. Kì í ṣe pé èdè há mi. Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ ju bí mo ti rò lọ, Nàgó ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti la ẹnu báyìí, ẹni tó ń gbọ́ mi á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ́, àbí?" Ojú á tì mí. Èmi tí n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan, tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin, ni wọ́n sọ di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé ìhà kejì ibodè ni mo ti wá. Lábúlé wa lẹ́yìn Àgbádárìgì, kò sẹ́ni tó ń bi mí pé ọmọ ta ni mí. Wọ́n á kàn wo iwájú orí mi, wọ́n á ní, "Ọmọ Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ló ń kọjá yẹn."

Ìyá mi ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ wa, a kì í ṣàdédé gbin ẹ̀gẹ́. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ẹnì kan ni yóò gé igi ẹ̀gẹ́ àkọ́kọ́ fún gbogbo abúlé, ẹni tí wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ tutù, tí ohun tó bá gbìn kì í kú. Oko ara rẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti lọ sí oko ẹnì kejì, kó gé díẹ̀ níbẹ̀, kó tún lọ sí ti ẹnì kẹta, títí yóò fi yí gbogbo oko mọ́kànlá ká pẹ̀lú àdá kan ṣoṣo. Kò gbọdọ̀ fọ àdá náà, kò sì gbọdọ̀ nù ún títí yóò fi parí. Àwọn àgbà ní oje ara àdá ni ire oko kan ń bá dé oko kejì, kí ẹnì kan má baà dá ire jẹ. Láti ìgbà tí ìyá ìyá mi ti kú ni iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ ìyá mi. Kékeré ni mo ti ń ru omi mímu tẹ̀lé e, mo sì mọ bí oko wọ̀nyẹn ṣe tẹ̀lé ara wọn bí ẹni mọ orúkọ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀.

Ọdún tí mo kúrò nílé ni ẹ̀gẹ́ oko mélòó kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná sí i lórí. Ewé á rọ, igi á máa sun oje pupa bí ẹkún, orí rẹ̀ á sì kú. Ìyá mi wo oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀, ó wò mí, ó ní, "Lọ bá àbúrò mi ní Àjàṣẹ́. Ẹnu kan á dín nílé, ojú rẹ á sì là."

*

Àbúrò ìyá mi ń gbé ní Tokpota, ó ń ránṣọ. Táńtì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Obìnrin onípariwo ni, inú rẹ̀ sì dára. Ọjọ́ kejì tí mo dé, ó rán mi lọ ra àkàsà, ẹ̀kọ tiwọn, lọ́jà Ouando. Mo dúró níwájú alákàsà títí ó fi pàtẹ, tó tà, tó sì ń múra àtilọ. Nígbà tó bi mí ní Gùn, èdè ìlú náà, pé kí ni mo fẹ́, mo sá padà sílé.

Táńtì wo ọwọ́ mi tó ṣófo. "Ṣé wọ́n ti gbá ọjà Ouando kúrò níbẹ̀ ni?"

"Rárá, Táńtì."

"Àbí àkàsà ló ní kó o máa lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún. Kì í ṣe nítorí ẹ̀rín náà. Ó kàn yé mi pé níbi tí mo wà yìí, bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ mi ń sọ. Nílé, ìyá mi ń gbọ́ ọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tí Táńtì ń ránṣọ fún ni ìyàwó Mùsé Àgọ̀sú. Ọ̀gá yìí, Mùsé bí Faransé ti ń pè é, ní ọgbà kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí ìjọba ti ní kó máa wádìí àìsàn ohun ọ̀gbìn. Ó nílò ẹni tí yóò máa fọ ìgò àti abọ́ onígíláàsì, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Táńtì ní, "Bí ti àìsọ̀rọ̀ ni, mo ní ọ̀gá wọn nílé."

Bí mo ṣe dé ibi iṣẹ́ náà nìyẹn. Ìjọba àwọn sójà ti dé nígbà náà, gbogbo nǹkan sì ń yí padà. Láràárọ̀ a máa ń tò síwájú àsíá, a ń pe ara wa ní kamaráàdì. Wọ́n ní gbogbo iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ dáko, gbogbo iléèwé gbọ́dọ̀ dáko, kí ilẹ̀ náà lè máa bọ́ ara rẹ̀. Ọgbà wa ni yóò fún àwọn iléèwé ní igi ẹ̀gẹ́ tí ara rẹ̀ le. Bàbá Lásísì, àgbà Mùsùlùmí tó ń tọ́jú ọgbà, ọmọ Àjàṣẹ́ gidi, ló ń fi gbogbo rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀. Bó bá wọ ọgbà láàárọ̀, á bọ́ fìlà fún àwọn ebè.

"Kamaráàdì ẹ̀gẹ́, a kí yín o! Kamaráàdì ata, ṣé àlàáfíà ni?" Á wá yíjú sí mi. "Àwọn wọ̀nyí ń dá mi lóhùn ju ìwọ lọ, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì."

*

Àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí, ọmọ abúlé wa nìkan ló lè ṣe é.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Mùsé lọ sí Kútọnu fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹsẹ̀ sì ń dun Bàbá Lásísì. Ó ní kí n bá òun gé igi ẹ̀gẹ́ nínú ìlà mẹ́wàá, kí n tún gbin ìlà kọ̀ọ̀kan padà sí àyè rẹ̀. Inú mi dùn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní Àjàṣẹ́ tí mo mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ mi nìyẹn. Garawa omi jàfẹ́ẹ̀lì, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Mo rí i. Mo mọ̀ pé Bàbá Lásísì máa ń ti àdá bọ̀ ọ́ láàárín ìlà kan sí ìkejì. Lójú mi, ìwà àwọn aláwọ̀ funfun tí Mùsé kọ́ bọ̀ ni. Àdá tí wọ́n ń fi gé igi ẹ̀gẹ́, kí wọ́n máa fọ̀ ọ́! Mo ṣe é bí ìyá mi ti ń ṣe é. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìlà tó dára jù lẹ́bàá ọgbà, mo gba inú ìlà karùn-ún tí Mùsé mọ̀ọ́mọ̀ fi aláìsàn sí kọjá, mo sì parí sí ìkẹwàá, àdá kan náà, láìnù ún. Mo tilẹ̀ ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Mo rò pé mo ń ṣe ọgbà náà lóore.

Kò pé oṣù méjì tí ìlà kẹfà rọ. Lẹ́yìn náà ìkeje, ìkẹjọ, títí dé ìkẹwàá. Ìlà kìíní dé ìkẹrin dúró ṣinṣin.

Mùsé pè mí. Nàgó ará Sakété ni ìyá tó bí i, nítorí náà Yorùbá ló bá mi sọ. N kò gbọ́ kó pariwo.

"Níbo lo ti bẹ̀rẹ̀?"

Mo nawọ́ sí ìlà kìíní.

"Lẹ́yìn náà?"

Mo rìn ín fún un, láti ìlà dé ìlà. Ó ń tẹ̀ lé mi, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé kàyé rẹ̀. Nígbà tí a dé ìlà kẹfà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú erùpẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀.

"Ọdún méjì," ó ní. "Ọdún méjì iṣẹ́ mi ló bá àdá rẹ lọ."

Bàbá Lásísì ní òun ni kí wọ́n bá wí, òun ló jókòó ti ẹsẹ̀. Mùsé mi orí. Ó ní ká sun gbogbo ìlà tó rọ àti igi tí a dì fún àwọn iléèwé, kí ọ̀kankan má jáde. Nígbà tí iná ń jó, ó mú mi wọlé lọ sídìí awò ńlá tó fi ń wo ohun kéékèèké. Ó gé ewé tó rọ díẹ̀, ó fi sínú ẹ̀kán omi kan, ó ní kí n wò ó.

Lákọ̀ọ́kọ́, ìpéǹpéjú ara mi nìkan ni mo rí. Lẹ́yìn náà mo rí ojú ibi tó gé. Nǹkan kan ń tú jáde níbẹ̀ bí èéfín tó ń ti ojú àjà ilé ìdáná jáde, kò dáwọ́ dúró.

"Gbogbo èéfín yẹn," ni Mùsé wí, "ohun ẹlẹ́mìí ni. Kòkòrò àìfojúrí. Ó wà nínú oje. Ibi tí oje bá dé lòun náà ń dé."

Mo ṣì tẹ ojú mọ́ awò náà. Ọkàn mi ti kúrò ní Àjàṣẹ́. Oko mọ́kànlá ni mò ń wò.

"Mùsé, tí ènìyàn bá fi àdá kan gba oko mọ́kànlá kọjá ńkọ́?"

"Ta ló ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni, Mùsé."

*

Mùsé kò lé mi. Ó ní ẹni tó ti ba nǹkan jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò tún ní bà á jẹ́ mọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan hàn mí, bóyá nítorí pé mo máa ń gbọ́, n kì í sì í yára sọ pé ó yé mi.

Ó ní oríṣi ata méjì nínú ìkòkò. Ó fi abẹ́rẹ́ gún ewé àwọn méjèèjì, ó fi kòkòrò náà sí wọn lára. Irú tí ń bá ata jà, ìbátan ti ẹ̀gẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ojú ibi tó gún lára ata kìíní ti gbẹ, ó pọ́n bí bébà tí iná lá. Ti ìkejì tutù yọ̀yọ̀.

"Èwo ló ń ṣàìsàn?" ó bi mí.

Mo nawọ́ sí èyí tó gbẹ. Ó ní kí n dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà fi dé, ti èyí tó gbẹ kò kọjá ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gún. Ata tó tutù yọ̀yọ̀ ti wọ́wé dànù, ó ku igi.

"Ẹ̀yin tó ń gba ibodè Kraké," ni Mùsé wí, "báwo ni aṣọ́bodè ṣe ń mọ onífàyàwọ́?"

"Ẹrù rẹ̀ ni wọ́n ń wò."

"Ó dáa. Kòkòrò yìí náà ní ẹrù tirẹ̀, irinṣẹ́ tó fi ń fọ́lé. Ata àkọ́kọ́ ti mọ ẹrù náà. Bó bá ti rí i báyìí, á sun yàrá tí àlejò náà wọ̀, tòun ti àlejò, kí ilé yòókù lè là. Ata kejì kò mọ̀ ọ́n, ó jẹ́ kó wọlé."

Mo ní àwọn ata àkọ́kọ́ ti bọ́ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó mú mi lọ wo ìkòkò kan ní kọ̀rọ̀. Ata àkọ́kọ́ yẹn náà ni, ó sì ti wọ́wé bí ìkejì.

"Kòkòrò kan ń bí méjì, méjì ń bí mẹ́rin. Láàárín ọjọ́ kan, wọn á pọ̀ ju bí o ti lè kà lọ. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń jọ bàbá. Wọ́n lè bí ọ̀kan tí kò ní ẹrù yẹn, tàbí kí ẹrù náà ti yí ìrísí padà díẹ̀. Ata ò ní dá a mọ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ á kú, òun á là, òun ni yóò sì bí gbogbo àwọn tó ń bọ̀."

"Ta ló kọ́ ọ pé kó sọ ẹrù nù?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Kò gbọ́n. Àwọn tí wọ́n dá mọ̀ ló kú, èyí tí wọn kò dá mọ̀ ló kù. Ohun tí wọ́n ń jogún náà kò tíì sí ẹni tó rí i nínú kòkòrò yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ là ń rí."

"Ata wá ti ṣẹ́gun àbí ó ti pàdánù?"

"Bóyá ata kan tún wà níbòmíràn tó mọ ẹrù tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń bá ara wọn bọ̀ láti ayébáyé. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó gbin oríṣi kan ṣoṣo."

Mo ro ọ̀rọ̀ yìí lọ ro ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ lójú ọ̀nà Tokpota. Èmi náà ti ń sọ ẹrù mi nù díẹ̀díẹ̀. Mo ti ń sọ pé "mèsì" fún ẹni tó fún mi ní nǹkan. Mo ti ń fa ọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń fà á. Lọ́sẹ̀ kan náà yẹn, mo ra àkàsà ní Ouando, mo béèrè pé kí alákàsà fi ewé mìíràn wé e, kò sì sẹ́ni tó pè mí ní ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo fẹ́ẹ̀ sáré délé lọ sọ fún Táńtì. Lójú ọ̀nà ni mo wá ń bi ara mi bóyá mo ti wọlé ni, àbí wọn kò kàn dá mi mọ̀ mọ́. Kì í ṣe ohun kan náà.

*

Lẹ́tà dé láti ọwọ́ awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Kraké. Bùrọ̀dá Táíwò ló kọ ọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Àgbádárìgì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Oko mẹ́sàn-án ti kú pátápátá. Tiwa àti ti Ìyá Sikirá ọ̀rẹ́ ìyá mi nìkan ló ń yọ ewé. Bàbá Àkàndé tó ni oko kẹta ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta: Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ti fi àdá kó ire oko gbogbo ènìyàn sínú oko tirẹ̀, ó sì bù fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àjẹ́ ni. Ìpàdé yóò wà lọ́dọ̀ baálẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá sí ọjọ́ tó kọ lẹ́tà náà. Bí kò bá lè wí tẹnu rẹ̀, yóò fi abúlé sílẹ̀.

Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, níbo ni yóò lọ?

Táńtì ló sanwó tẹlifóònù. Bùrọ̀dá mú ìyá mi lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ Àgbádárìgì lọ́jọ́ tí a fi sí, èmi náà lọ sí pósìtì Àjàṣẹ́. Mo dúró láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ní láti gba Kútọnu àti Èkó kọjá kó tó dé Àgbádárìgì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ kò jìnnà sí mi rárá.

"Táíwò, ṣé etí ni mo máa fi sí ni àbí ẹnu?"

"Ìyá, èmi ni. Ẹ kú ilé o."

"Háà! Ohùn rẹ ti tín-ín-rín. Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Ìyá."

"Kí ni wọ́n ń fún ọ jẹ?"

"Ìyá, mo ti gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀."

Mo gbọ́ afẹ́fẹ́ nínú wáyà. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ àìsàn ẹ̀gẹ́ lo wà. Sọ fún mi. Ṣé ọwọ́ mi ni?"

Bí mo bá ní rárá, irọ́ ni mo pa fún ìyá tó bí mi. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti dúró pẹ̀lú Bàbá Àkàndé. Mo ní, "Ìyá," mo sì dákẹ́. Mo ṣì ń wá ọ̀rọ̀ nígbà tí wáyà náà já. Ọkùnrin tó wà nídìí tẹlifóònù kan gíláàsì, ó ní, "Tẹ̀mìné!" Àkókò wa ti parí nìyẹn.

*

Mo lọ bá Mùsé. Mo ní, "Ẹni tó fi àdá kan gba oko mọ́kànlá, ìyá mi ni." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi kọ lẹ́tà tí òǹtẹ̀ wà nídìí rẹ̀.

Mùsé ní, "Lẹ́tà Faransé, lọ́wọ́ baálẹ̀ kan ní Nàìjíríà? Wọn á fi wé àkàrà. O mọ bí oko ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀rí tí kò sí nínú lẹ́tà kankan nìyẹn. Ìwọ ni kó o lọ."

Bàbá Lásísì ti ń tẹ́tí. "Ta ni? Ẹni tó ń sá fún alákàsà?" Ó da garawa kan dé, ó jókòó lé e, ó fi àpò ìdọ̀họ kan bora. "Ó yá. Èmi ni baálẹ̀. Wí."

"Ẹ kúulé, Baálẹ̀…"

"Baálẹ̀ ò gbọ́!"

"Mo ní ẹ kúulé…"

"Ṣé ẹ̀fọn ló ń kùn ni? Baálẹ̀ ti ń sùn lọ!"

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Lọ́jọ́ kẹta, inú bí mi, mo pariwo mọ́ ọn. Ó dìde lórí garawa, ó bọ́ fìlà fún mi bó ti ń bọ́ ọ fún àwọn ebè.

*

Lọ́jọ́ ìpàdé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálẹ̀ abúlé wa kún fọ́fọ́. Ìyá mi jókòó lórí ẹní, òun nìkan. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò wò mí. Ó kàn sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ rẹ nínú wáyà. Wí i bó bá ti rí."

Mo kí gbogbo wọn. Ẹnì kan ní, "Ẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀, ó ti di ará Faransé." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dúró kí wọ́n rín in tán.

Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, oko ta ni ìyá mi kọ́kọ́ ń gé?"

"Tirẹ̀."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Ti Ìyá Sikirá."

Mo wá ń pè wọ́n lọ fúnra mi, ìkẹta, ìkẹrin, títí dé ìkọkànlá. Bí mo ti ń pe oko kọ̀ọ̀kan ni mò ń bi ẹni tó ni ín bóyá ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà láàyè. Láti orí ìkẹta lọ, ìdáhùn kan náà ni: ó ti kú. Mo ní, "Àìsàn yìí wà nínú oje. Mo ti fi ojú mi rí i. Ẹ̀mí ni, ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Àdá ló ń gbé e. Oko tí àdá ti kọjá kó tó kan oje aláìsàn, kò sí nǹkan tó ṣe é. Èmi náà ti fi àdá ba ọgbà ọ̀gá mi jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi kì í sì í ṣe àjẹ́."

Mo wá rí ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀, tí Bàbá Lásísì kò sì dán mi wò lé lórí. Gbogbo ojú ti yí sí Bàbá Àkàndé, ẹni tó ni oko kẹta.

Ó fò dìde. "Kí lo ń sọ? Pé èmi ni mo mú un wọ abúlé?"

Gbogbo wọn mọ̀ pé àna rẹ̀ ló fi igi ẹ̀gẹ́ tuntun ta á lọ́rẹ lọ́dún tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀ kan sí i, òun ni wọn yóò fi sórí ẹní tí ìyá mi jókòó sí. Ó sì ń ṣe mí bíi pé kí n sọ ọ́. Mo yíjú sí i.

"Bàbá, ẹ gba ẹ̀bùn bí gbogbo ènìyàn ti ń gba ẹ̀bùn. Ẹni tó fún yín náà kò mọ̀. Àdá ni."

"Ta ló wá di àdá náà mú?" ni Bàbá Àkàndé bi mí. "Àdá ò lẹ́sẹ̀!"

Ìyá mi ló dìde lórí ẹní, ó sì kúnlẹ̀.

"Èmi ni mo dì í mú. Ọwọ́ mi yìí ló gbé e láti oko Àkàndé dé oko yín, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún yìí. Bí wọ́n ti fi lé mi lọ́wọ́ ni mo ṣe é. N kò mọ̀. Ẹ bínú sí mi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ má pè mí ní ohun tí n kò jẹ́."

Baálẹ̀ bi mí pé kí ni ṣíṣe. Mo ní kí wọ́n sun èyí tó kú, kí wọ́n wá gé igi nínú oko méjì tó kù, kí oníkálùkù mú àdá tirẹ̀, kó sì máa fọ̀ ọ́ láti igi kan sí òmíràn. Mo sọ fún wọn pẹ̀lú pé ọ̀tá yìí máa ń bí ọmọ tí kò jọ ọ́, kí wọ́n máa wá oríṣi ẹ̀gẹ́ mìíràn kún un, kí wọ́n má sọ pé ó ti tán. Baálẹ̀ ní ó dáa. Ó ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kò níí lọ ibì kankan.

*

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gé igi, oko wa kún. Oníkálùkù gbé àdá tirẹ̀ àti abọ́ omi jàfẹ́ẹ̀lì tí mo pò fún wọn. Wọ́n kí ìyá mi dáadáa. Wọ́n ń gé, wọ́n ń fọ àdá, wọ́n tún ń gé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, iṣẹ́ náà ń lọ láìsí ẹni tó pe ìyá mi sí i. Ó jókòó lórí ebè kan, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan bí ẹrù ẹlẹ́rù.

Mo lọ jókòó tì í. Mo ní, "Ìyá, ẹ dárí jì mí. Mo gba iṣẹ́ yín lọ́wọ́ yín."

"Má sunkún," ó ní. "Ó sàn kí wọ́n ní ọwọ́ mi kò mọ́ ju kí wọ́n ní inú mi kò mọ́. Ọwọ́ ṣeé fọ̀."

Kò sọ nǹkan mìíràn. Ojú rẹ̀ ti wà lára Bàbá Àkàndé níwájú wa. Bàbá náà ń gé igi kéékèèké tí ojú tó lè hù lára rẹ̀ kò tó méjì, ó sì ń fọ́ ọ lẹ́nu. Ìyá mi wò ó títí. Ó pòṣé. Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ ìdí ìró rẹ̀, ó rìn lọ bá a, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú abọ́ omi rẹ̀, ó fọ̀ wọ́n dé ìgúnpá. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ tó tutù náà sí i.

"Ò ń ba á jẹ́. Mú un wá."

Bàbá Àkàndé wò ó. Ó wo àwọn tó yí wa ká. Ó sì jọ̀wọ́ àdá náà fún un.